Ẹ Bi Wá: Bí Ọgbà Yunifásítì Ṣe Lè Dín Èéfín Kábọ́ọ̀nù Kù Títí Dé Ọdún 2045

Lẹ́tà ń wọlé láti Kétu, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú-ọjọ́, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń béèrè ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè ṣe sí i. A kó àwọn tí ìdáhùn wọn lè wúlò fún ẹlòmíràn jọ síbí.

*Mò ń bójú tó ilé àti iná ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lẹ́bàá Kétu. Àwọn ọ̀gá ní kí n kọ ètò ogún ọdún tí a ó fi dín èéfín kábọ́ọ̀nù kù. Ẹnì kan ní ká kọ́kọ́ ra sólà, ẹlòmíràn ní ká gbin igi. Ibo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Òṣìṣẹ́ àbójútó ilé, Kétu)*

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ìṣirò ọdún kan gbáko ló kọ́kọ́ kàn. Ọdún ìpìlẹ̀ là ń pè é, torí òun la ó máa fi wọn gbogbo ọdún tó ń bọ̀. Ẹ yan ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún 2020 tí àrùn Kòrónà lé akẹ́kọ̀ọ́ sílé kò dára, ọdún tí ìyanṣẹ́lódì gba oṣù púpọ̀ níbẹ̀ náà kò dára. Bí ẹ bá fi irú ọdún bẹ́ẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e yóò dà bíi pé ẹ ti ba nǹkan jẹ́, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló kàn padà sí kíláàsì.

Ìlànà GHG Protocol, tí gbogbo ayé fi ń ṣírò èéfín tó ń mú ayé gbóná, pín ìṣirò náà sí mẹ́ta. Ìkíní ni ohun tó ń jó tàbí tó ń jò nínú ọgbà yín: gásóìlì inú ẹ̀rọ amúnáwá, epo ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, gáàsì ilé ìdáná, gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù. Ìkejì ni iná tí ẹ ń rà lọ́wọ́ SBEE, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Bẹ̀nẹ̀. Ìkẹta ni èyí tí ẹlòmíràn ń tú jáde nítorí yín: alùpùpù tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ wá, ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wọ̀, sìmẹ́ǹtì ilé tuntun. Ẹ kọ́kọ́ mú méjì àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni àṣẹ wà lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn náà ni ìsọdipúpọ̀. Lítà gásóìlì kan tó bá jó ń tú kílò 2.68 kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì jáde, òun ni èéfín kábọ́ọ̀nù tí à ń sọ. Lítà bẹntiróòlù kan jẹ́ kílò 2.31. Kílò gáàsì ìdáná kan jẹ́ bíi kílò 3. Ti iná SBEE kì í dúró lójú kan, torí ibi tí iná náà ti ń wá kì í ṣe ọ̀kan: ibùdó iná Maria-Gléta 2 wà, megawatt 127, tó ń ṣiṣẹ́ láti 2019, iná tí a ń rà láti Nàìjíríà àti Gánà wà, oko sólà megawatt 25 náà wà ní Illoulofin lágbègbè Pobè, tí wọ́n ṣí ní 2022. Iye tí ìjọba tàbí àjọ iná Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bá tẹ̀ jáde ni kí ẹ lò, kí ẹ sì kọ ọdún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí iná orílẹ̀-èdè bá ń mọ́ sí i, iye tiyín yóò lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Ẹ ya ìdínkù yẹn sọ́tọ̀ nínú ìròyìn yín, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni.

Ká fi ọgbà kan tí kò tóbi ṣe àpẹẹrẹ. Gásóìlì lítà 12,000 lọ́dún jẹ́ tọ́ọ̀nù 32. Iná SBEE kWh 180,000 (kWh ni ìwọn iná tó wà lórí bílì), bí a bá fi kílò 0.6 sórí kWh kọ̀ọ̀kan fún àpẹẹrẹ lásán, jẹ́ tọ́ọ̀nù 108. Gáàsì R-410A kílò 12 tí wọ́n fi kún ẹ̀rọ amúlétutù káàkiri ọgbà jẹ́ tọ́ọ̀nù 25; ìdí rẹ̀ wà nínú ìdáhùn tó tẹ̀ lé èyí. Ìlà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń gbàgbé pátápátá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ̀rọ amúnáwá.

Ibi tí ìṣirò ti ń dàrú jù ni ilé ẹ̀rọ amúnáwá. Rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ akápò ń sọ epo tí a rà, kì í sọ èyí tó jó. Bí ẹ bá ń bu epo fún ẹ̀rọ àti fún ọkọ̀ láti inú táǹkì kan náà, ẹ ó kà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí ẹ má kà á rárá. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ̀rọ tó ṣí, ẹ ki ọ̀pá ìwọn bọ táǹkì, kí ẹ kọ ibi tí epo dé sílẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà wákàtí tó wà lójú ẹ̀rọ mọ́ ọn, kí ẹ wá fi wákàtí pín lítà. Ẹ̀rọ tó ń mu lítà 10 ní wákàtí kan lóṣù tó kọjá, tó di 15 lóṣù yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i, ó ní ohun tó ṣe é: fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dí, ibi tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì ti ń da epo, tàbí kí epo máa gba ẹ̀yìn jáde. Ní ti mítà iná, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kí ọjọ́ bílì àti òpin oṣù má baà da ìṣirò rú.

Ẹ wo òru náà. Ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tí agbára rẹ̀ jẹ́ 200 kVA, tó ń gbé gílóòbù àti fíríìjì díẹ̀ lóru kì í rí iṣẹ́ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ṣe. Kò ní gbóná tó, epo kò ní jó tán, ọ̀rá dúdú yóò máa yọ lẹ́nu páìpù èéfín, epo tó ń lọ sórí kWh kọ̀ọ̀kan yóò sì ga. Ẹ̀rọ kékeré 30 kVA kan fún òru àti ọjọ́ ìsinmi lè jẹ́ ìdínkù àkọ́kọ́ tí yóò hàn nínú ìwé yín, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sólà.

*Lọ́dọọdún ni oníṣẹ́ ń wá fi gáàsì kún ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì wa. Ṣé ìyẹn náà wà nínú ìṣirò? (Akọ̀wé ẹ̀ka, Àjàṣẹ́)*

Ó wà níbẹ̀, ó sì lè ju ti iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ lọ. Gáàsì amúlétutù kì í tán bí epo. Yíyí ló ń yí po nínú páìpù bàbà. Bí ó bá dín, ó jò ni. Ẹni tó ń fi kún un lọ́dọọdún láìwá ibi tó ti ń jò, ó ń gba owó lọ́wọ́ yín láti tú gáàsì sójú ọ̀run.

Kílò R-410A kan ń mú ayé gbóná tó kílò 2,088 kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì. R-22 àtijọ́ jẹ́ 1,810. R-32 jẹ́ 675. R-290, tí í ṣe propane, kò tó 5. Bí kílò méjì R-410A bá jò, tọ́ọ̀nù 4.2 nìyẹn. Ẹ ní láti jó gásóìlì bíi lítà 1,560 kí ẹ tó tú irú iye bẹ́ẹ̀ jáde. Nítorí èyí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe fi àdéhùn Kigali ti 2016 kún ti Montreal, láti máa dín irú gáàsì báyìí kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ ní kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ wo nọ́ọ̀tì bàbà tó so páìpù mọ́ ẹ̀rọ ìta. Bí eruku ibẹ̀ bá lẹ̀, tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, ibẹ̀ ló ń jò. Kí ó fi kànìnkànìn pa omi ọṣẹ sí i, yóò máa hó. Dídi nọ́ọ̀tì náà mọ́lẹ̀ sí i kì í ṣe àtúnṣe, torí ẹnu páìpù ti sán. Ńṣe ni yóò gé ẹnu náà kúrò, yóò la òmíràn, yóò kán òróró ẹ̀rọ tútù sí i, yóò fi sípánà oníwọ̀n dì í. Lẹ́yìn náà ni yóò fi gáàsì nitrogen dán an wò bóyá ó ṣì ń jò, yóò fi ẹ̀rọ ìfàmú fa afẹ́fẹ́ inú páìpù tán títí ìwọn afẹ́fẹ́ tó kù yóò fi wá sísàlẹ̀ 500 microns, kí ó tó wá fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì sí i, iye tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ gan-an. Èyí tí à ń rí káàkiri ni pé oníṣẹ́ kò ní ẹ̀rọ ìfàmú, ó ń fi gáàsì tuntun lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù. Omi inú afẹ́fẹ́ yẹn yóò kù síbẹ̀, yóò ba kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ jẹ́ láìpẹ́, ìjò mìíràn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé oníṣẹ́ kò ní gba owó bí kò bá kọ iye kílò tó yọ àti èyí tó fi sí i.

Bí ẹ bá ń ra tuntun, R-32 sàn ju R-410A lọ. R-290 ló dára jù, ṣùgbọ́n ó ń gbiná, R-32 náà sì lè gbiná díẹ̀. Ẹ kọ́ oníṣẹ́ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣáájú ìmọ̀. Ká tiẹ̀ tó sọ ti ẹ̀rọ, ẹ gbójú sókè wo òrùlé. Ọ́fíìsì tó wà lábẹ́ páánù láìsí àjà yóò jẹ iná lọ́sàn-án títí ayé. Àjà pẹ̀lú ohun adènà-ooru tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, ọ̀dà funfun lórí páánù, àti fáànù tuntun tó ń jẹ watt 30 dípò 75, yóò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ yàrá lè gbé 27°C láìṣòro. Yàrá mìíràn kò tilẹ̀ ní nílò amúlétutù mọ́.

*Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní kí n wá gbé 150 kW sórí òrùlé wọn pẹ̀lú bátìrì. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ náà bà mí lórúkọ jẹ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò? (Oníṣẹ́ iná, Ṣábẹ̀ẹ́)*

Ẹ fi ẹ̀rọ akọ̀wé-iná, tó ń kọ iye iná tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀, sí bọ́ọ̀dù àgbà wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ, àti ọ̀sẹ̀ kan nígbà ìsinmi. Iná tí wọ́n ń jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Lápá ibí, kW kan sólà ń mú bíi kWh 1,300 sí 1,400 wá lọ́dún, nítorí náà 150 kW yóò sún mọ́ kWh 200,000. Ọgbà tó jẹ́ pé kWh 180,000 péré ló ń jẹ, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti alẹ́, kò ní rí ìdajì rẹ̀ lò lọ́sàn-án. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 60 kW, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀dù àti nínú páìpù wáyà fún àfikún.

Ẹ ṣírò mítà onígun mẹ́rin 7 fún kW kan, kí ẹ̀yin àti ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ lè rí ọ̀nà rìn. Ẹ tẹ páánù òrùlé wò. Àwo sólà lè lo ọdún 25; bí ó bá jẹ́ ọdún 8 ló kù kí páánù abẹ́ rẹ̀ dípẹtà jó, owó títú u sílẹ̀ àti títún un tò yóò dun àwọn onílé. Kí wọ́n pààrọ̀ páánù ná. Ẹ dojú rẹ̀ kọ gúúsù, kí ó rọ̀ ní ìwọ̀n 10, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Lásìkò ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, ènìyàn ló ní láti fọ̀ ọ́. Omi lásán, ní ìdájí, nítorí omi tútù lórí gíláàsì tó ti gbóná lè là á.

Ohun tó ń fa ìjà jù nìyí: bí SBEE bá mú iná lọ, ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà di irú iná tí ilé ń lò) tí kò ní bátìrì yóò kú pẹ̀lú rẹ̀, oòrùn ìbáà ràn bí iná. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, kí iná má baà pa ẹni tó ń tún wáyà ṣe lójú pópó. Ẹ sọ èyí fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ amúnáwá, ẹ̀rọ adarí kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa dín sólà kù, kí amúnáwá má lọ sísàlẹ̀ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Láìsí i, sólà yóò ti iná padà sínú amúnáwá, yóò sì pa á lójijì. Ní ti bátìrì, ẹ má fi gbé gbogbo ọgbà. Sáfà (kọ̀ǹpútà àgbà), fíríìjì yàrá àyẹ̀wò àti yàrá tútù tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn sí ti tó. Bátìrì olómi kì í pẹ́ nínú ooru tiwa. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù wọ́n, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún 10. Kí owó ínfátà kejì wà nínú ètò ìṣúná wọn láti ìsinsìnyí, torí ínfátà kì í sábà ju ọdún 10 sí 15 lọ.

*Ṣé bí a bá gbin igi tó pọ̀ sínú ọgbà, kò ní parí ẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́)*

Rárá o, ọmọ wa. Ká ní igi kan ń fa kílò 20 kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì mọ́ra lọ́dún, èyí sì pọ̀ fún igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Tọ́ọ̀nù 100 yóò gba igi 5,000 tó yè, tí ẹnikẹ́ni kò gé, tí iná oko kò jó. Gbin igi, ṣùgbọ́n gbìn ín síbi tí yóò ti ṣíji bo ògiri ìwọ̀-oòrùn kíláàsì yín, kí yàrá má gbóná lọ́sàn-án. Mánígòrò àti ọ̀dán ṣe é dáadáa, kí wọ́n ṣáà jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ má fi igi yọ kúrò nínú iye gásóìlì. Ìlà tirẹ̀ ni kó dúró lé.

*A máa ń fi igi dáná fún akẹ́kọ̀ọ́ bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lójúmọ́. Wọ́n ní a ó yí sí bíogáàsì. Ṣé ó lè gbé e? (Ìyá olóúnjẹ, Kétu)*

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Bíogáàsì nìkan kò lè gbé e bí màlúù kò bá pọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìlérí gba igi lọ́wọ́ yín kí gáàsì tó dé. Ìgbẹ́ màlúù kílò 100 lóòjọ́, tí a pò mọ́ omi lítà 100, ń mú gáàsì bíi kúbíìkì mítà 3 sí 4 wá. Kúbíìkì mítà kan dúró fún bíi kílò 0.45 gáàsì ìgò. Ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́jọ ni ìgbẹ́ yẹn yóò gbà kó tó dọ́gba pẹ̀lú ìgò kílò 12.5 kan. Kòtò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba lítà 200 lóòjọ́ fún ọjọ́ 40, kúbíìkì mítà 8 nìyẹn, láìka àyè gáàsì.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá da oúnjẹ kíkan tàbí èèpo ọsàn púpọ̀ sínú rẹ̀ lójijì, yóò kan, gáàsì yóò sì dá. Bí omi bá dúró níbi tí páìpù ti rọ̀, iná yóò máa ṣẹ́jú. Ibẹ̀ ni kí wọ́n fi ẹnu ìdami sí. Bí orí kòtò bá sán, ẹ tètè ké sí wọn, torí gáàsì mẹ́táànì tó ń sá lọ láìjó ń mú ayé gbóná ní ìlọ́po 28 ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì lọ. Bíogáàsì tó ń jò burú ju kí a máà ṣe é lọ. Ilé-iṣẹ́ Songhaï ní Àjàṣẹ́, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Kí ilé-ẹ̀kọ́ rán àwọn bíríkìlà wọn lọ wò ó kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹ béèrè fún ààrò ńlá oníbíríkì tí ìkòkò yóò rì sínú rẹ̀, tí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ju sẹ̀ǹtímítà kan sí ọ̀kan ààbọ̀ lọ, tó ní páìpù èéfín. Igi gbígbẹ tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ máa lò. Èyí nìkan lè yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò nínú igi tí ẹ ń jó, èéfín yóò sì kúrò lójú yín.

*Ti zémìjáǹ, alùpùpù akérò tó ń gbé wa wá, ń kọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́, Kétu)*

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ 200 léèrè ibi tí wọ́n ti ń wá àti iye ìgbà lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ìdáhùn wọn ṣírò fún gbogbo yín. Nǹkan méjì tí kò wọ́n ló ń dín in kù kíákíá: kí wọ́n to kíláàsì ọjọ́ kan pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àti yàrá ibùgbé sí i fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà. Bọ́ọ̀sì tó bá ń rìn lófìfo burú ju alùpùpù lọ.

*Rẹ́kítọ̀ ń yí padà, akápò ń yí padà. Báwo ni ètò ogún ọdún ṣe lè yè lọ́wọ́ gbogbo wọn? (Olùkọ́, Àjàṣẹ́)*

Ẹ má kọ ọ́ bí ìlérí, ẹ kọ ọ́ bí kàlẹ́ńdà ìpààrọ̀ ẹ̀rọ. Èyí ni ohun tó ká wa lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí rẹ́kítọ̀ tí yóò jí lọ́jọ́ kan kó ju ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dànù, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ ló ń kú. Ìgbà tí amúlétutù bá kú nínú ooru oṣù Kẹta, akápò yóò ra èyí tó bá wà lọ́jà lọ́sẹ̀ náà, ọgbà yóò sì gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwé tó sọ irú èyí tí a ó rà kò bá ti wà nílẹ̀ kí ó tó kú, ètò ti fò ọdún mẹ́wàá.

Ẹ la àtẹ kan: ẹ̀rọ, ibi tó wà, ọdún tí a rà á, ọdún tí a rò pé yóò kú, ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀, àti iye tí èyí fi wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òpó ìkẹyìn yìí nìkan ni owó tí ètò ń bèèrè, torí ìyókù ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò ná bó ti wù kó rí. Kí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí àtẹ náà lọ́dọọdún pẹ̀lú ìṣúná. Kí a sì kọ ọ́ pé ìdajì owó epo àti iná tó bá ṣẹ́kù yóò wọ àpò ètò náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá padà sínú àpò gbogbogbòò, ẹ̀ka tó dín iná kù kò rí èrè kankan, wọn yóò sì dáwọ́ dúró.

Ẹ pín ogún ọdún náà. Bí 2025 bá jẹ́ ìpìlẹ̀ tí a pè ní 100, ẹ fojú sun 75 ní 2030, 50 ní 2037, 15 ní 2045. Ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìjò gáàsì, fáànù, àjà àti amúnáwá òru. Sólà gba àárín. Ilé tuntun ló le jù, torí ilé tí ẹ kọ́ lónìí yóò ṣì wà ní 2070: kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ dojú kọ àríwá àti gúúsù, kí ẹnu òrùlé rẹ̀ yọ síta ní mítà kan, kí bíríkì rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀.

Kí ẹnì kan ṣoṣo ní orúkọ rẹ̀ lórí àtẹ náà, kí igbákejì rẹ̀ sì mọ ibi tó wà. Kí ẹ̀dà rẹ̀ lórí bébà wà lọ́dọ̀ akápò, torí kọ̀ǹpútà ẹnì kan lè bá a lọ nígbà tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ojú ìwé tí ẹ ó kọ́kọ́ kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti amúlétutù: àwọn ló pọ̀ jù, àwọn ló ń kú lọ́dọọdún, irú gáàsì inú wọn àti ìwọ̀n rẹ̀ sì wà lára àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìta.